Fífi kẹ̀kẹ́ yíká Hagi lọ́jọ́ kan: ìlú tí ààfin rẹ̀ ti wó, tí ọ̀nà rẹ̀ ṣì wà

Ààfin tí ẹ fẹ́ lọ wò ní Hagi, ní ilẹ̀ Japan, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọdún 1874 ni wọ́n wó o palẹ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀, ògiri òkúta àti yàrà omi tó yí i ká ló ṣẹ́ kù. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ má baà ṣe ohun tí mo ṣe nígbà àkọ́kọ́. Bí mo ṣe kúrò ní ibùdó reluwé, ibi ààfin ni mo gun kẹ̀kẹ́ lọ tààrà. Mo ń wòkè kí n rí òrùlé, n kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo fi padà sí apá kejì ìlú, ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì ti ń ti ilẹ̀kùn àwọn ibi tó yẹ kí n ti rí láàárọ̀.

Ìlú tí wọ́n kọ́ sí ẹsẹ̀ ààfin náà ló kù, ó sì kù dáadáa. Àwọn ará Hagi a máa sọ pé èèyàn lè fi àwòrán ọ̀nà tí wọ́n yà nígbà Edo (ọdún 1603 sí 1868) rìn nínú ìlú wọn lónìí, kó má sì ṣìnà. Òótọ́ ni. Ọ̀nà wọn tóóró, ó rí kọ́rọkọ̀rọ, ògiri amọ̀ wà lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ yóò sáré kọjá ohun tó yẹ kí ẹ rí, ẹsẹ̀ ní tirẹ̀ kò ní lè dé gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ. Kẹ̀kẹ́ ni ó bá ìlú yìí mu. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí ọpọ́n, nítorí pé ẹnu odò ni: odò Abu pín sí méjì kó tó dé òkun, Matsumoto lọ́wọ́ ìlà-oòrùn, Hashimoto lọ́wọ́ ìwọ̀-oòrùn, ìlú sì wà láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú náà ṣe débẹ̀ ná, torí kò sí ohun tí ẹ óò rí tí kò kàn án. Mori Terumoto jẹ́ daimyo, ìyẹn ọba tó ń ṣàkóso ilẹ̀ tirẹ̀. Hiroshima ni ààfin rẹ̀ wà. Lọ́dún 1600, apá tí ó dúró sí pàdánù ogun Sekigahara. Tokugawa Ieyasu tó borí gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nínú nǹkan bí agbègbè mẹ́jọ, méjì péré ló fi sílẹ̀ fún un. Ó di dandan kí Mori wá tẹ ìlú tuntun dó sí Hagi, ní etí Òkun Japan, níbi tí òkè dí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Ọdún 1604 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ààfin náà, ọdún 1608 ni ó parí. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀, pé ní gbogbo ọdún tuntun, àwọn ìjòyè a máa bi ọba wọn léèrè bóyá àkókò ti tó láti kọlu ilé Tokugawa, ọba a sì dáhùn pé ó kù díẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ó lé ní 250 ọdún kí àkókò náà tó tó. Àwọn ọmọ ìlú kékeré yìí wà lára àwọn tó ṣíwájú nígbà tí ìjọba shogun, ìyẹn ìjọba ilé Tokugawa, ṣubú lọ́dún 1868.

1. Higashi-Hagi ni kí ẹ sọ̀kalẹ̀ sí

Ẹ wọ Shinkansen, reluwé asáré-bí-àṣá wọn, dé Shin-Yamaguchi, kí ẹ sì wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Hagi níbẹ̀. Ìrìn náà lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Reluwé tó ń gba etí òkun, lórí ìlà San'in, dùn ún wò gan-an, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ lóòjọ́. Ẹ wo àkókò wọn dáadáa kí ẹ tó gbára lé e. Orúkọ kan máa ń ṣi àlejò lọ́nà. Ibùdó tó ń jẹ́ Hagi wà lẹ́yìn odò Hashimoto, ó jìnnà sí ohun tí ẹ ń wá. Higashi-Hagi, ìyẹn Hagi ìlà-oòrùn, ni tiyín. (Ilé ibùdó Hagi ti ọdún 1925 ṣì dúró, ó sì lẹ́wà. Ọmọ Hagi ni Inoue Masaru tí àwọn ará Japan ń pè ní bàbá reluwé wọn.)

Bí owó bá gbà á, ẹ sun Hagi mọ́jú. Ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ló máa rí ìlú yìí kí bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò tó dé.

2. Ẹ yẹ kẹ̀kẹ́ wò kí ẹ tó gbé e

Ibi tí wọ́n ti ń háyà kẹ̀kẹ́ kò jìnnà sí ibùdó Higashi-Hagi. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání. Kẹ̀kẹ́ tí wọn yóò gbé fún yín ni èyí tí wọ́n ń pè ní mamachari, kẹ̀kẹ́ tí àwọn ìyá fi ń lọ sọ́jà: apẹ̀rẹ̀ wà níwájú, irin àárín rẹ̀ sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wọ yẹ̀rì yóò gùn ún láìṣòro. Ẹ wo táyà ẹ̀yìn, ẹ óò rí irin roboto kan tó kọjá láàárín àwọn sípóòkù. Àgádágodo kẹ̀kẹ́ náà ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, yóò dún "kẹ̀ẹ́", kọ́kọ́rọ́ kékeré yóò sì bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ so kọ́kọ́rọ́ yìí mọ́ nǹkan tó tóbi, torí kò ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ.

Ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì. Lọ́jọ́ kan, ní ìlú mìíràn, mo gba kẹ̀kẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tí mo dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo mọ̀ pé bíréèkì ẹ̀yìn kò mú. Ẹsẹ̀ ni mo fi wọ́lẹ̀ kí n tó lè dúró, àtẹ́lẹ̀sẹ̀ bàtà mi sì ya. Láti ọjọ́ náà, n kì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí n tó tẹ bíréèkì. Ní Japan, ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú táyà iwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, òdìkejì èyí lẹ mọ̀. Ẹ rọra fi í kọ́ra níbi tí ọkọ̀ kò sí. Ẹ tẹ táyà wò, ẹ lu agogo, ẹ tan iná, ẹ sì gbé ìjókòó sókè títí ẹsẹ̀ yín yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán nígbà tí ó bá wà nísàlẹ̀. Ìjókòó tó rẹlẹ̀ jù ló máa ń mú kí orúnkún ro èèyàn lálẹ́.

Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n owó lásán ni fún ìrìn yìí. Gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ mú yín gbà kò tó 20 kìlómítà, òkè ibẹ̀ kò sì ju ìwọ̀nba lọ.

3. Òfin ọ̀nà

Apá òsì ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní í ṣòro fún, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ láti ọdún 1972, ara wa sì ti mọ́ ọ̀tún. Ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ ni ẹ lè gbàgbé, kì í ṣe ìgbà tí ẹ wà láàárín ọkọ̀.

Ohun kejì tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń yà sọ́tùn-ún ní oríta. Ẹ kò gbọdọ̀ gé e kọjá bí ọkọ̀. Ẹ lọ tààrà dé òdìkejì, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ kọjú kẹ̀kẹ́ sí ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ tó kọjá pẹ̀lú iná ti ọ̀nà náà. Níbi tí ẹ bá rí àmì pupa onígun mẹ́ta tó dojú kọlẹ̀, ẹ dúró pátápátá, kí ẹsẹ̀ yín kan ilẹ̀. Àmì yìí wọ́pọ̀ ní oríta àwọn ọ̀nà tóóró, ó sì nídìí: ògiri ga, ẹni tó ń bọ̀ kò rí yín.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́, àyàfi níbi tí àmì bá ti gbà bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ náà ló sì ni ín. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, ẹ má gùn ún ní ẹgbẹ́ ara yín, ẹ má di agbòòrùn mú, ẹ má sì fọwọ́ kan fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ wo àwòrán ọ̀nà, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti oṣù kẹrin ọdún 2026, ọlọ́pàá lè fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó ti pé ọmọ ọdún 16 ní tíkẹ́ẹ̀tì owó ìtanràn lójú ẹsẹ̀ fún irú nǹkan báwọ̀nyí. Ti ọtí le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹjọ́ ọ̀daràn ni. Bí ẹ bá máa tọ́ sake wò, ó di alẹ́ tí ẹ bá ti dá kẹ̀kẹ́ padà. Òfin ní kí olúkúlùkù gbìyànjú láti dé akoto ààbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìtanràn lórí rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ níbi tí ẹ ti gba kẹ̀kẹ́.

4. Ìlà-oòrùn odò, ní kùtùkùtù

Ẹ má tíì sọdá odò. Láti Higashi-Hagi, ẹ gba ìhà gúúsù lọ sí ojúbọ Shoin. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nínú ọgbà ojúbọ yìí ni ilé ẹ̀kọ́ Shoka Sonjuku wà. Ẹ óò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá rẹ̀ láìmọ̀, nítorí ilé onípákó kékeré ni, ọ̀kan tí èèyàn lè fi pa mọ́ sẹ́yìn ilé mìíràn. Yàrá àkọ́kọ́ gba ẹní tatami mẹ́jọ. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ jù, olùkọ́ àtàwọn ọmọ náà fi ọwọ́ ara wọn kan yàrá kejì mọ́ ọn. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀ dáadáa. Olùkọ́ náà, Yoshida Shoin, ti wa ọkọ̀ kékeré lọ bá ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní èbúté Shimoda lọ́dún 1854, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí òkèèrè kí òun lè kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọ̀. Ẹ̀wọ̀n ni ó bọ́ sí, lẹ́yìn náà wọ́n sé e mọ́ ilé ẹbí rẹ̀. Ilé náà ṣì wà ní tòsí ilé ẹ̀kọ́ yìí. Kò gba ọdún púpọ̀ tó fi kọ́ àwọn ọmọ náà. Ọmọ samurai (jagunjagun) ńlá àti ọmọ ẹni tí kò ní nǹkan ló jọ ń jókòó síwájú rẹ̀. Ọdún 1859 ni wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Edo, ìlú tó ń jẹ́ Tokyo lónìí, kò tíì pé ọmọ 30 ọdún.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tálákà náà ni Ito Hirobumi. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ díẹ̀ síwájú, ẹ óò rí ilé kékeré tí ó gbé: koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Lọ́dún 1863, òun àti ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin mìíràn láti Choshu, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Mori yìí, sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ikú ni ìjìyà ẹni tó bá jáde kúrò ní Japan láìgbàṣẹ. Inoue Masaru tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òkúta ìrántí àwọn márààrún wà nínú ọgbà University College London. Ẹ lè wò ó kí ẹ tó lọ tàbí nígbà tí ẹ bá dé. Lọ́dún 1885, Ito di olórí ìjọba àkọ́kọ́ ní Japan. Ẹ dúró síwájú ilé koríko náà, kí ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀nà náà yóò wá gbé yín dé tẹ́ḿpìlì Tokoji. Ibí yìí ni kí ẹ ti lo àkókò jù lọ láàárọ̀. Ọdún 1691 ni wọ́n dá a sílẹ̀, márùn-ún nínú àwọn ọba ilé Mori ni wọ́n sì sin síbẹ̀. Nígbà tí ọba bá wàjà, àwọn ìjòyè a fi fìtílà òkúta ta á lọ́rẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 fìtílà bẹ́ẹ̀ tó tò sórí ìlà lábẹ́ igi, wọ́n ga tó èèyàn, bí ìgbà tí àwọn ìjòyè náà fúnra wọn bá dúró de àṣẹ. Ẹ sún mọ́ ọ̀kan. Ewédò ti hù sí orí rẹ̀, ọ̀rinrin wà lára òkúta náà, orúkọ ẹni tó gbé e kalẹ̀ sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, bí òjò tilẹ̀ ti ń fọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, wọ́n máa ń tan iná sí gbogbo wọn.

5. Iléru àti oúnjẹ ọ̀sán

Ẹ padà sí ìhà àríwá, ẹ kọjá ibùdó reluwé, iléru ìyọ́rin Hagi wà lórí òkè kékeré kan níbẹ̀. Bíríkì àti òkúta tó kù ga ju mítà mẹ́wàá lọ, ó sì là sí méjì lókè bí ìka méjì. Ẹ̀rù ọkọ̀ ogun àwọn òyìnbó ló mú kí wọ́n dán an wò lọ́dún 1856: àgbá onírin ni wọ́n fẹ́ rọ. Nínú irú iléru yìí, èédú kì í kan irin. Iná á jó ní ẹ̀gbẹ́ kan, òrùlé rẹ̀ tó tẹ̀ kọ́rọdọ̀ á wá da ooru náà padà sórí irin títí yóò fi yọ́. Tòsí ibẹ̀, létí omi, ni ibi tí wọ́n ti kan ọkọ̀ òkun méjì bíi ti àwọn òyìnbó, ọ̀kan lọ́dún 1856, èkejì lọ́dún 1860. Ìdènà ìgbì tí wọ́n fi òkúta tò lẹ ó rí níbẹ̀. UNESCO fi àwọn ibi méjèèjì yìí, ilé ẹ̀kọ́ Shoin àti agbègbè ààfin sínú àkójọ ogún àgbáyé lọ́dún 2015.

Ọjà ẹja kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ jẹun kó tó di aago méjìlá, torí tó bá yá, èrò á dúró ní ìlà. Ẹ béèrè ẹja tí wọ́n pa láàárọ̀ yẹn lórí ìrẹsì. Ẹni tí kò lè jẹ ẹja tútù yóò rí sísun àti díndín. Ẹ ra omi sínú apẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́.

6. Ẹ sọdá odò

Afárá kan lórí odò Matsumoto yóò gbé yín bọ́ sí Hamasaki, àdúgbò àwọn oníṣòwò àti apẹja. Ẹ gbà á kọjá jẹ́jẹ́, kò dìgbà tí ẹ bá dúró pẹ́. Ẹ forí lé Meirinkan, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ samurai. Ilé onípákó gígùn tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ọdún 1935, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ibi tí àlejò ti ń gba àlàyé. Ẹ gba àwòrán ọ̀nà, ẹ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ rọ omi.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣe pàtàkì, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: Kikuya, Iseya àti Edoya. Orúkọ àwọn oníṣòwò tí ilé wọn wà ní ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi pè wọ́n. Ẹ sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ ní Kikuya, kí ẹ tì í. Ògiri ilé ńlá náà funfun bí ẹfun lókè. Nísàlẹ̀, táìlì dúdú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì fi ẹfun líle tó wú síta bí okùn di àárín táìlì kan sí òmíràn. Ẹfun yìí ni kì í jẹ́ kí omi àti iná wọ inú igi ilé. Ilé tí wọ́n ti bí Takasugi Shinsaku, akẹ́kọ̀ọ́ Shoin tó dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àgbẹ̀ àti samurai jọ wà sílẹ̀, wà ní ọ̀nà yìí. Ilé Kido Takayoshi, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣíwájú nígbà tí ìjọba shogun ṣubú, wà ní Edoya.

Àwọn ilé ìtajà abọ́ Hagi pọ̀ níhìn-ín. Amọ̀kòkò ará Kòríà méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Wọ́n kó wọn wá sí Japan lẹ́yìn ogun tí Hideyoshi, tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, gbé lọ sí ilẹ̀ wọn láàárín ọdún 1592 sí 1598. Ẹ gbé abọ́ tíì kan sókè. Ó fúyẹ́ ju bí ojú ṣe rò lọ, ó rọ̀ lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti bíwà, èso kékeré kan tó pọ́n bí ọsàn, tàbí wàrà. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa: ó sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ odò tó gbẹ. Inú sísán yìí ni tíì máa ń gbà wọlé, tí abọ́ náà fi ń yí àwọ̀ padà lọ́dọọdún. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀meje ló ń yí. Bí ẹ bá rà á, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kí ẹ tó kọ́kọ́ lò ó. Ẹ má kó o sínú apẹ̀rẹ̀ iwájú, níbi tó ti máa ń fò sókè fò sódò. Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e sínú báàgì ẹ̀yìn yín.

7. Inú yàrà

Ẹ kọjá sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ óò dé etí yàrà ìta. Àdúgbò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń jẹ́ Horiuchi, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "inú yàrà". Àwọn ìjòyè àgbà nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Fún èmi, ibí yìí ni ọkàn ìrìn náà. Kò sí èrò, kò sí ilé ìtajà. Ògiri amọ̀ ni, lẹ́yìn ògiri amọ̀, wọ́n sì fi òkúta àti táìlì fọ́ọ́fọ́ọ́ há inú amọ̀ kó má baà ya. Ọ̀nà á sì ṣàdédé gbọ́n kọ́rọ́ bí eyín kọ́kọ́rọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ọ̀tá má lè rí iwájú. Ẹ lu agogo kí ẹ tó yà.

Orí ògiri ni ẹ óò ti rí ọsàn tó so rọ̀ọ̀rọ̀, ó tóbi, awọ rẹ̀ nípọn, ó kan díẹ̀. Natsumikan ni, ọsàn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ìjọba tuntun dé, owó oṣù àwọn samurai dáwọ́ dúró, ilé ńlá ṣófo, ebi dé. Láti ọdún 1876, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọsàn yìí sínú ọgbà ilé wọn láti fi tà. Ògiri tí baba wọn mọ nítorí ọ̀tá wá ń dá afẹ́fẹ́ òkun dúró fún igi ọsàn. Ìyẹn ni wọn kò fi wó o. Ní oṣù karùn-ún, òdòdó ọsàn á tú, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò. Ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ bí ẹ bá láǹfààní. Oṣù kẹfà àti keje, òjò pọ̀. Ìgbà òtútù, afẹ́fẹ́ òkun yóò máa ti kẹ̀kẹ́ yín. Wọ́n ń fi ṣúgà se awọ ọsàn náà, ẹ ra díẹ̀.

8. Ibi ààfin àti etí òkun

Ní báyìí, ẹ lọ. Òkè Shizuki, tó ga ní mítà 143, dúró síwájú yín, ògiri òkúta sì jáde láti inú omi yàrà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ síta, ẹ tì í, kí ẹ gun ìpìlẹ̀ ààfin lọ. Alájà márùn-ún ni ilé tó wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ẹ ti rí látàárọ̀, àyè òfìfo náà kò ní dà bí òfìfo. Bí okun bá kù, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gun òkè náà dé orí, ó tó ìṣẹ́jú 20. Igbó tó wà níbẹ̀ ti dàgbà gan-an, nítorí àwọn ọba kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé igi rẹ̀.

Kikugahama, etíkun oníyanrìn funfun, bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè náà. Ibẹ̀ ni oòrùn ti ń wọ̀, tí òkè Shizuki á dúdú lórí omi. Ọ̀pọ̀ ibi ìháyà kẹ̀kẹ́ ló ń tì ní nǹkan bí aago márùn-ún, oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í sì wọ̀ kó tó di aago méje kọjá. Torí náà, láàárọ̀ ni kí ẹ ti béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ lè sùn lọ́dọ̀ yín. Bí wọn kò bá gbà, ẹ dá a padà, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn padà wá sí etíkun. Bí wọ́n bá gbà, ẹ tan iná iwájú kí ẹ tó kúrò lórí yanrìn: òpó iná kò pọ̀ ní ọ̀nà yẹn, àwọn arúgbó àdúgbò sì máa ń rìn níbẹ̀ lálẹ́.